Omi gbígbóná, ẹja tó ń yọ sókè ní ìdájí, àti òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀

Ọ̀dọ́_Àgbẹ̀_Ìjùmú

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Adágún ẹja kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá Ìyàrá. Inú ilẹ̀ la gbẹ́ ẹ sí: mítà 20 ní gígùn, mítà 10 ní fífẹ̀, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà kan. Ẹja àrọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀pìyà díẹ̀ wà láàárín wọn. Láti ìparí oṣù Kejì ni omi ti ń gbóná, tẹmómítà ń fi 33°C hàn ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹ̀pìyà á kóra jọ sójú omi, wọ́n á máa la ẹnu. Omi náà tún ń fà lójoojúmọ́, a ò mọ̀ bóyá ó ń jò ni.

Kí ló dé tó jẹ́ ìdájí, nígbà tí omi ti tutù díẹ̀, ni ẹja ń jìyà, tí kì í ṣe ọ̀sán gangan? Ṣé a lè ju yìnyín sí i? Ẹnìkan tún ní ká da láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta ẹfun) sí i kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa?

Oníẹja_Yàgbà

Okun, àbúrò. Ẹ̀pìyà yẹn ni alóre yín, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹja àrọ̀ ní nǹkan kan lókè ibi tó fi ń mí, tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka igi, òun ló fi ń gbé afẹ́fẹ́ mì láti òkè omi. Bí afẹ́fẹ́ inú omi tán pátápátá, àrọ̀ lè yè é, àmọ́ kò ní jẹun dáadáa, kò sì ní tóbi. Ẹ̀pìyà kò ní irú rẹ̀. Inú omi nìkan ló ti ń mí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ ké.

Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ láti di afẹ́fẹ́ mú ń dín kù. Ẹ ṣí mínírà tó tutù àti èyí tó ti gbóná nínú oòrùn, ẹ ó rí èyí tó máa hó dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, ṣe ń sá kúrò nínú omi gbígbóná. Ní 20°C, ọ́síjìn tí omi lè gbà kò ju mílígíráàmù 9.1 lọ nínú lítà kan. Ní 25°C ó di 8.3, ní 30°C bíi 7.5, ní 33°C bíi 7.2. Ooru omi sì ni ooru ara ẹja. Tí omi bá fi 10°C gbóná sí i, ọ́síjìn tí ara ẹja ń béèrè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Oúnjẹ inú àwo ń dín kù, ebi ń pọ̀ sí i.

Ti ìdájí wá ńkọ́? Àwọn ewéko tíntìntín tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń pèsè ọ́síjìn nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Tí oòrùn bá wọ̀, wọn ò pèsè mọ́, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹja ṣe ń mí. Ẹja ń lò ó, ewéko ń lò ó, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù ń jẹrà nínú rẹ̀ ń lò ó. Láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, yíyọ ló pọ̀, èyí tó ń wọlé láti ojú omi kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé omi tutù díẹ̀ ní ìdájí, àmọ́ ìwọ̀n kékeré tó fi tutù kò lè san gbèsè wákàtí mọ́kànlá.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá ewéko yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ kan àwo funfun kékeré mọ́ ìdí igi gígùn, ẹ fi àmì sẹ̀ǹtímítà sára igi, ẹ rì í wọ omi ní ọ̀sán. Tí àwo bá ṣì hàn ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, ó dáa. Tó bá pòórá kí ó tó dé 20, omi ti ki jù. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ omi díẹ̀.

Nípa oúnjẹ: ẹ má fún wọn ní ọ̀sán rárá tí omi bá ti kọjá 32°C. Ẹ fún wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, kó má kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó sì kéré sí ti àárọ̀. Dídà oúnjẹ nínú ẹja fúnra rẹ̀ ń gba ọ́síjìn, oúnjẹ tí wọ́n sì jẹ ní aago méje alẹ́, òru ni wọ́n ń san owó rẹ̀.

Tíṣà_Kábà

Ẹ jẹ́ kí n dá ti yìnyín lóhùn, nítorí ìṣirò rẹ̀ rọrùn.

Adágún yín gba omi mítà 20 lọ́nà 10 lọ́nà 1, ìyẹn lítà 200,000. Kí kílò omi kan tó fi 1°C tutù, a gbọ́dọ̀ yọ ooru kilojúùlù 4.18 kúrò lára rẹ̀. Fún gbogbo adágún, 1°C péré, ó di bíi 836,000. Kílò yìnyín kan ń gba 334 kí ó tó yọ́, omi tó yọ́ náà á tún gba bíi 125 kí ó tó gbóná dé 30°C. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 460. Ẹ pín in: ó lé ní kílò 1,800 yìnyín. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni, nítorí ìwọ̀n 1°C tí oòrùn ọ̀sán ọ̀la máa dá padà. Owó ìnákúnàá gbáà ni. Ẹ fi yìnyín sílẹ̀ fún dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń kó ọmọ ẹja, ibẹ̀ ló ti wúlò.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó ń mú omi tutù lọ́fẹ̀ẹ́. Kílò omi kan tó bá gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ń gbé ooru tó tó kilojúùlù 2,400 dání. Ìyẹn ju ti kílò yìnyín kan lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná: omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń kó ooru omi inú lọ. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmù ń ṣiṣẹ́ gan-an. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 35°C, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, lè mú ohun tó rin gbingbin tutù dé ìtòsí 19°C. Lásìkò òjò, ní 30°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 80, kò lè kọjá bíi 27°C. Ẹni tó bá ń bú àmù rẹ̀ ní oṣù Keje pé kò mú omi tutù mọ́, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó bú.

Oníkànga_Bùnú

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé omi ń jò, ẹ má tíì pe ẹni tó ń fi amọ̀ dí i. Ẹ dán èyí wò ná:

Ẹ wá korobá kan tó wúwo, ẹ pọn omi adágún sínú rẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù nínú adágún gan-an, kí omi inú àti ti òde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nínú korobá, ẹ tún sàmì sí ara igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀ nínú adágún. Lẹ́yìn wákàtí 24, tí òjò ò bá rọ̀, ẹ wọn méjèèjì. Bí wọ́n bá fà bákan náà, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló mú un. Bí ti adágún bá fà ju ti korobá lọ, èyí tó lé yẹn ló ń jò. Ìdí tí korobá fi gbọ́dọ̀ wà nínú adágún ni pé tí ẹ bá gbé e sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò gbóná ju adágún lọ, àfiwé náà á sì bàjẹ́.

Mílímítà 5 lóòjọ́ kì í ṣe nǹkan ìyanu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí adágún yín, lítà 1,000 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ogójì, tó ń gbẹ lójoojúmọ́. Tó bá fà kọjá mílímítà 10, ẹ wo etí odi àti ìdí páìpù tí omi ń gbà jáde. Ihò akàn ló máa ń fà á níbẹ̀.

Omi kànga jíjìn àti bọ́hólù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lọ́dún: bíi 27°C ni, ọyẹ́ tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin omi 33°C, tí ẹ fi omi bọ́hólù 27°C dípò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di 31.5°C. Kò pọ̀, àmọ́ àǹfààní rẹ̀ gan-an ni pé ẹ̀gbin dínkù. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fa omi àtijọ́ jáde, ẹ má fà á láti òkè, torí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í sábà ní ọ́síjìn. Omi mímọ́ lójú, òfìfo ni fún ẹja. Ẹ má rì ẹnu páìpù sínú adágún. Ẹ gbé e sókè tó mítà kan, ẹ gbé páànù tí ẹ lu ní ihò wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí omi máa já bọ́ bí òjò. Bí omi náà bá ń pọ́n bí ìpẹtà lẹ́yìn tó bá rí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn nínú tánkì kí ìpẹtà tòrò sísàlẹ̀.

Ọ̀dọ́_Àgbẹ̀_Ìjùmú

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ojúoró lè ṣe ìbòòji fún un? Ó pọ̀ lẹ́bàá odò lọ́dọ̀ wa.

Oníẹja_Yàgbà

Rárá o. Ojúoró máa ń bí sí i kíákíá, kó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti bo gbogbo ojú omi. Ojú omi yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdá kan nínú mẹ́ta adágún, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Kó ga tó kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí owó bá wà, ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí mítà 1.2 tàbí 1.5 nígbà tí ẹ bá tún un ṣe. Omi tó jìn kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù.

Ìyá_Ọmọ-ẹja_Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ ti ẹja ńlá. Ti ẹni tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ ni tèmi, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ̀n 3°C péré ti lè mú kí gbogbo ẹyin ṣòfò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gún abo ẹja ní abẹ́rẹ́ họ́mónù (oògùn tó ń mú ẹyin inú rẹ̀ pọ́n), omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa fún ẹyin jáde, kì í ṣe aago nìkan. Ní 20°C, bíi wákàtí 21 ni. Ní 22°C, bíi 15 ààbọ̀. Ní 25°C, bíi 11. Ní 28°C, bíi 8. Ní 30°C, bíi 7. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní oṣù Kẹta, tó wá fún un ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó bọ́ sí i. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lásìkò ọyẹ́, tí omi inú báàfù ti sọ̀kalẹ̀ sí 22°C lóru, ẹyin kò tíì pọ́n. Yóò máa fún un tipátipá, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, yóò sì gbà pé ẹja náà ló burú. Bó bá sì pẹ́ jù, ẹyin á ti kọjá àkókò rẹ̀, kò ní gba àtọ̀ mọ́. Ẹ wọn ooru omi ní wákàtí méjì méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wá pín in sí iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n láti mọ agbedeméjì.

Pípa ẹyin náà bẹ́ẹ̀ ni: ní 28°C, kò ju bíi ọjọ́ kan lọ. Ní 20°C ó lè lé ní wákàtí 50, olú funfun á sì ti bo ẹyin kó tó pa.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni tánkì dúdú orí òpó. Ní aago méjì ọ̀sán, omi ìlàjì òkè tánkì náà àti ti inú páìpù tó ń gba oòrùn lè gbóná débi tó máa jó ọwọ́. Ẹ ṣí ẹ̀rọ sórí ẹyin báyìí, ó ti sè. Ẹ jẹ́ kí omi inú páìpù ṣàn dànù ná, ẹ fi tẹmómítà wò ó, kó tó wọlé. Ẹ kun tánkì náà ní ọ̀dà funfun tàbí kí ẹ fi òrùlé kékeré bò ó. Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì lè gbé afẹ́fẹ́ mì bí ìyá rẹ̀. Fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, inú omi nìkan ló ti ń mí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá funfun bo òkè báàfù lóru, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Omi tó ń gbẹ ló ń jí ooru gbé, bí Tíṣà ṣe sọ, ọ̀rá náà á sì dá a dúró. Ẹ má da omi gbígbóná sórí wọn tààrà.

Tí ẹ bá ń kó ọmọ ẹja láti Ìsánlú lọ sí Kábà tàbí Lókọ́jà, yìnyín wúlò. Dúrọ́ọ̀mù tó gba omi lítà 100, tó wà ní 30°C, tí ẹ fẹ́ kó dé 25°C: bíi kílò 5 yìnyín ló máa gbà. Píọ̀ wọ́tà lítà ìdajì tó ti dì, mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Ẹ fi sí i ní ọ̀rá rẹ̀, ẹ má tú u, kí kẹ́míkà omi náà má bá ẹja. Ẹ fi mẹ́ta sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún fi mẹ́ta sí i. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan ṣáájú, kí inú wọn ṣófo. Àpò jútù tí ẹ rẹ sínú omi, tí ẹ wé mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, á tún ṣèrànwọ́ bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Tí ẹ bá dé, ẹ má kó wọn dà sómi tuntun kíákíá. Ẹ máa bu omi ibi tí wọ́n ń lọ sínú dúrọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, títí ìyàtọ̀ kò fi ní ju 1°C tàbí 2°C.

Oníẹja_Yàgbà

Mo padà sórí òjò àkọ́rọ̀, nítorí òun ló ń pa ẹja ju ooru gan-an lọ, a ò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré.

Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi adágún á pín sí méjì: òkè gbóná, ó fúyẹ́, ó kún fún ọ́síjìn, ìsàlẹ̀ tutù, ó wúwo, ọ́síjìn inú rẹ̀ ti tán, ẹ̀gbin tó ń jẹrà sì ń tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ẹja ń gbé lókè, kò sí wàhálà. Òjò àkọ́rọ̀ á wá dé lójijì ní ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú ìjì àti yìnyín nígbà mìíràn. Omi òjò tutù, ó mú kí omi òkè wúwo, omi òkè sì rì. Ìsàlẹ̀ gòkè wá. Láàárín wákàtí kan, gbogbo adágún ti dàpọ̀ mọ́ omi tí kò ní afẹ́fẹ́. Ìkùukùu tún bo oòrùn ní ọjọ́ kejì, ewéko kò lè pèsè ohunkóhun. Ẹja á kú lọ rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn á sì máa wí pé wọ́n fi májèlé sí i.

Bí ẹ ṣe máa dènà rẹ̀ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ó pín rárá. Láti ìsinsìnyí, ẹ gbé pọ́ǹpù sí adágún, kó máa fa omi ìsàlẹ̀, kó sì máa fọ́n ọn sókè kó padà bọ́, láti aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán lójoojúmọ́. Ọ̀sán ni mo sọ, nígbà tí ọ́síjìn òkè pọ̀ jù, kí ó lè pín fún ìsàlẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì ṣe é rí láti oṣù Kejì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá lọ́jọ́ kan, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fi ọwọ́ ara yín yí omi náà po. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní igun kan, ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti mọ̀ bóyá ó ti pín: ẹ so tẹmómítà mọ́ igò tí ẹ fi òkúta sí, ẹ fi okùn sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó kún fún omi ibẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fà á sókè kíákíá, ẹ kà á. Tí ìyàtọ̀ òun àti òkè bá ju 2°C lọ ní aago méjì ọ̀sán, tí ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti pín nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú: ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ la ojú àgbàrá gba ọ̀nà mìíràn, kí omi ilẹ̀ má ṣàn wọlé. Ẹ wá epo pẹtiróòlù sílẹ̀ fún pọ́ǹpù kí alẹ́ tó lẹ́. Tí omi bá yí àwọ̀ padà, tó di bí omi elùbọ́, tó ń rùn, ẹ tan pọ́ǹpù sí ìtòsí òkè omi, ẹ má fà á láti ìsàlẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi máa ràn.

Tíṣà_Kábà

Ti láìmù ló kù. Àmóníà, ìyẹn ẹ̀gbin tí ara ẹja ń tú jáde, ní ẹ̀yà méjì nínú omi: ọ̀kan kì í ṣe wọ́n ní nǹkan púpọ̀, ìkejì jẹ́ májèlé. Ooru ń sọ ti àkọ́kọ́ di ìkejì, ṣùgbọ́n pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe ń lọ sókè ni kíkan ń dín kù), ló ń ṣe é jù. Ní 30°C, tí pH jẹ́ 7, ẹ̀yà tó ń ṣe májèlé kò tó ìdá 1 nínú 100. Ní pH 8, bíi 7. Ní pH 9, ó ti di bíi 45. Ní ọ̀sán, àwọn ewéko inú omi fúnra wọn ti ń gbé pH sókè. Láìmù tó gbóná, èyí tí àwọn kan fi ń kun ògiri, á tún gbé e sókè lójijì. Ẹ má da irú rẹ̀ sínú adágún tí ẹja wà nínú rẹ̀ láé. Inú adágún tí ẹ ti fa omi rẹ̀ gbẹ, tí ẹ fẹ́ pa kòkòrò inú ẹrẹ̀ rẹ̀, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ láìmù àgbẹ̀, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀, òun kì í jó. Síbẹ̀, ẹ wọn pH ní àárọ̀ kùtù ná. Tó bá wà láàárín 6.5 sí 8, kí lẹ fẹ́ fi láìmù ṣe?

Ọ̀dọ́_Àgbẹ̀_Ìjùmú

A dúpẹ́ o. Ọ̀kan ló kù: tẹmómítà tí à ń lò jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wo ibà. Ṣé ó tó?

Ìyá_Ọmọ-ẹja_Ìsánlú

Kò tó, ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bíi 32 tàbí 35°C, kò sì kọjá 42, nítorí ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè ka omi ọyẹ́ rárá. Ẹ ra tẹmómítà ilé-ẹ̀kọ́, oní-ọtí pupa, tó ń kà láti 0 sí 100°C. Ẹ rì í wọ omi tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ máa kà á nígbà tó ṣì wà nínú omi, ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán, ní ibì kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ oúnjẹ ẹja sí.